Wọ́n Ní Kó Sùn Díẹ̀

Joan Rivers ti pé ẹni ọdún 81, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2014, orí ìtàgé ló wà ní New York. Ilẹ̀ mọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé àyẹ̀wò Yorkville Endoscopy kí wọ́n fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo ọ̀fun àti inú rẹ̀. Àyẹ̀wò àlọ-àbọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe é láàárọ̀ ti ń jẹun nílé kí alẹ́ tó lẹ́.

Wọ́n fún un ní propofol, oògùn oorun tó funfun bíi wàrà, tí wọ́n ń fa sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kí èèyàn tó ka ení dé ọgọ́ta, oorun ti gbé e lọ. Bí wọ́n bá sì dá a dúró, kì í pẹ́ tí ojú fi ń là. Ìdí tí àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bó bá lé díẹ̀, èémí á relẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Àfi kí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn tètè bá a mí.

Èémí màmá yìí dá. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Mount Sinai, ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Afẹ́fẹ́ ni kò dé ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ìjọba tú ìwé Yorkville Endoscopy wò, wọn kò rí i pé wọ́n kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un lóògùn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara la fi ń ṣírò propofol. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò tètè fura pé ara rẹ̀ ti ń yí padà. Ẹnì kan tilẹ̀ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lójú oorun. Fọ́tò o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Iresi lọ sí Òṣogbo fún irú àyẹ̀wò yìí, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ èémí yín nígbà tí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n yín. Bí ẹ bá mu àgbo, ọtí tàbí tramadol, ẹ má tijú, ẹ sọ. Ẹ mú ọmọ tàbí àbúrò dání tí yóò sìn yín délé, ẹ má dá ọ̀kadà gùn bọ̀. Títí wákàtí 24 yóò fi kọjá, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kankan.