Òkúta Inú Omi Iyọ̀ Kì Í Ṣe Ohun Sísè

Àwọn àgbà ní onísùúrù yóò se òkúta jinná, yóò sì mu omitoro rẹ̀. Ẹnìkan wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò tíì se tirẹ̀ débi tó ń lọ tí ooru rẹ̀ fi fẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún 2007 ni. Ẹni náà ń sin ẹja òkun àti iyùn tó wà láàyè nínú àpótí dígí nílé rẹ̀. Àwọn nǹkan róbótó kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ kan ń hù lára òkúta inú àpótí ọ̀hún, wọ́n so mọ́ ara wọn, ọwọ́ wínníwínní sì yí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kò rà wọ́n, kò pè wọ́n. Wọ́n bá òkúta wọlé ni. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbilẹ̀, wọ́n fẹ́ gba àyè mọ́ àwọn iyùn tó fowó rà lọ́wọ́. Ó pinnu láti fi omi híhó pa wọ́n.

Ta ni yóò bá a wí? Omi gbígbóná la fi ń pa ìdun lára bẹ́ẹ̀dì, òun la fi ń lé ìjàlọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí omi náà ti kan àwọn nǹkan róbótó yẹn, ooru gbéra, ó sì fa ooru náà símú. Ikọ́ dé, mímí di ìṣòro, ọ̀rọ̀ di ti dókítà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ ohun tó ń hù lára òkúta náà wò, palytoxin ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì pọ̀ jọjọ.

Zoanthid ni wọ́n ń pe ẹ̀dá róbótó yìí. Ìbátan iyùn ni, ẹranko ni, kì í ṣe ewéko, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lẹ́wà débi pé àwọn ènìyàn ń fowó gidi rà wọ́n: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ òféfèé, èyí tó ń tàn lábẹ́ iná. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní oró tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Èyí tó ní in kò sì kọ ọ́ síwájú orí. Palytoxin yìí kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀ láyé. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹ mú 300 nínú rẹ̀: ìwọ̀n yẹn fún kìlógíráàmù kan ara eku ti tó láti pa ìdajì àwọn eku tí wọ́n bá gún un fún. Lára sẹ́ẹ̀lì wa ni pọ́ǹpù kan wà tó ń ti sódíọ̀mù síta, tó sì ń fa pòtásíọ̀mù wọlé, láìsinmi. Bí palytoxin bá ti dì mọ́ pọ́ǹpù yẹn, ó ti di ọlọ́dẹ tó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu fún olè: ohun tó yẹ kó wà níta ń wọlé, èyí tó yẹ kó wà nínú ń jáde. Iṣan, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kò sí èyí tí kò lè kàn. Kò sì tíì sí oògùn apa-oró kankan fún un. Ohun tó ń jẹ yín níyà ni dókítà yóò máa tọ́jú títí ara yóò fi balẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Àwọn onímọ̀ náà, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, jáde lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹja ní agbègbè Washington. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá irú zoanthid yẹn wà lórí igbá. Ó wà. Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, wọ́n rí mẹ́rin tó jọ ti ilé ẹni yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì kún fún oró: láti ìdajì mílígíráàmù títí dé mílígíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2011 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Èmi kò sọ pé ìkà ni àwọn olùtajà náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn fúnra wọn má mọ ohun tí wọ́n ń tà. Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù.

Àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wa. Ní Hana, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, adágún kékeré kan wà létí òkun tí àwọn ará ibẹ̀ sọ èèwọ̀ lé. Wọ́n ní ẹ̀dá kan tó jẹ́ ènìyàn tó tún jẹ́ ẹja àkurá ń pa àwọn apẹja jẹ, wọ́n mú un, wọ́n sun ún, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú omi yẹn, ohun tó hù níbẹ̀ sì di ikú. Òun ni àwọn jagunjagun fi ń pa ẹnu ọ̀kọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti yunifásítì Hawaii dé ibẹ̀ ní 1961, àwọn ará ìlú kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan náà yẹn, 31 oṣù Kejìlá, iná jó ilé ìwádìí wọn ní Coconut Island. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní kòńgẹ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ní 1971 ni Richard Moore àti Paul Scheuer kéde oró tí wọ́n yọ nínú ohun tí wọ́n bù lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní palytoxin. Ohun tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ, ẹnu àwọn ará Hana ló wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé láàárín àwọn tó ń sin iyùn nílé pàápàá, ẹnu ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ wọn wà. Ṣọ́ọ̀bù yóò ta àpótí fún yín, yóò ta iná, yóò ta pọ́ǹpù àti iyọ̀. Ẹni tó ti sin ín fún ọdún mẹ́wàá ní òpópónà kẹta sí tiyín ni yóò wo òkúta yín tí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kan ìyẹn o."

Ní agbègbè Washington yìí kan náà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ní Maryland pàápàá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja òkun wà. Washington Area Marine Aquarist Society lorúkọ rẹ̀, WAMAS ni wọ́n ń gé e pè. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ wà, àjọ kan tó ń jẹ́ MASNA ló sì kó wọn pọ̀. Ẹ wá wọn lọ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ lè rí i pé ará ilé ìwòsàn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì àdúgbò ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Orúkọ ni wọn yóò ní kí ẹ máa pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n funfun kún wọn lágbọ̀n. Ẹ fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá pè yín wá ilé wò, ẹ lọ. Inú wọn máa ń dùn láti sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí ìyàwó wọn ti gbọ́ ọ tó.

Níbi ìpàdé wọn ni wọ́n ti ń pín iyùn. Wọ́n á fi ayùn kékeré gé ẹ̀ka kan lára iyùn tó ti dàgbà nílé wọn, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pèbé kékeré kan, wọ́n á fi ṣe pàṣípààrọ̀ tàbí kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Kò sẹ́ni tó wọ òkun lọ fa iyùn yẹn tu, ẹ sì lè rí ìyá rẹ̀ nínú àpótí tó ti wá, kí ẹ mọ bó ṣe ń tóbi tó, kí ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín kò ní í dùn létí: ẹ dúró. Omi iyọ̀ tuntun kì í gba ẹja lọ́jọ́ tí ẹ pò ó. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń di amóníà, amóníà sì ń pa ẹja. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di náítráìtì, èyí tó ṣì burú, kí àwọn mìíràn tó sọ ìyẹn di náítréètì tí ẹja lè fara dà. Kí wọ́n tó pọ̀ tó lára òkúta àti yanrìn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ẹja tí àwọn akọ́ṣẹ́ ń sin sẹ́yìn ilé, inú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ló kú sí. Aládùúgbò lè ké ọ̀nà náà kúrú fún yín: ó lè yọ òkúta kan nínú àpótí tirẹ̀, tí bakitéríà ti kún ara rẹ̀, kó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí o. Òkúta ni ẹ̀bùn yẹn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni zoanthid bá wọ ilé ará Virginia náà. Nítorí náà, ẹ yí i po, ẹ wo gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ sì bi ẹni tó fún yín léèrè ohun tó mọ̀ nípa gbogbo ohun tó ń hù níbẹ̀. Ẹni rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bínú, ẹ dá òkúta rẹ̀ padà fún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò le. Àpótí kékeré kò rọrùn ju ńlá lọ, òdì kejì rẹ̀ ni, nítorí inú omi díẹ̀ ni àṣìṣe díẹ̀ ti ń di ńlá. Omi ẹ̀rọ ní kúlọ̀rín, ó sì lè ní bàbà tó ń pa iyùn àti edé. Ẹ lo èyí tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa. Iyọ̀ rẹ̀ kó wà ní bíi gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 25 tàbí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá sì ti fà, omi aláìníyọ̀ ni ẹ ó fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi fò lọ.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú mímọ àwọn ará ẹgbẹ́. Ẹja lè tóbi ju àpótí yín lọ, tàbí kó máa jẹ àwọn yòókù. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́, ẹnìkan yóò gbà á. Àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n lè fún ló da lionfish sínú òkun Florida, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí ṣe gbà. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró yìí ti wá. Ní 1985, wọ́n rí ọ̀kan nítòsí Dania Beach. Ó dé Bahamas ní 2004, ó dé Cuba ní 2007, wọ́n sì rí i ní Brazil ní 2014. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, àwọn ẹja tó bá níbẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá. Kò tíì ṣeé kó kúrò títí dòní.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ oró zoanthid parí sí 2007. Láàárín 2012 sí 2014, ní Anchorage, ìpínlẹ̀ Alaska, ó mú àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹja, ó mú àwọn onílé. Ní 2018, ní abúlé Steventon, ní Oxfordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń tọ́jú àpótí iyùn nínú ilé kan, ènìyàn mẹ́wàá ló dèrò ilé ìwòsàn. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ panápaná tó wá gba àwọn onílé là.

Bí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé yín, ẹ má sè é, ẹ má da omi híhó lé e, ẹ má gbé e sínú máíkíróòfù, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó níta omi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, ẹ má fi ọwọ́ tó ní egbò kan omi náà, kí ọmọdé àti ajá jáde kúrò nínú yàrá. Èyí tó dára jù ni kí ẹ pe ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó ti yọ irú rẹ̀ rí. Bí ikọ́, ibà, ìrora iṣan tàbí adùn irin lẹ́nu bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹ tún lè pe ilé iṣẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé, 1-800-222-1222. Àìsàn tí oró yìí ń fà jọ ọ̀fìnkìn, dókítà tó bá sì gbọ́ ikọ́ àti ibà nìkan lè dá yín padà sílé. Ẹ sọ fún un pé iyùn ni ẹ ń sìn, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sórí ìwé fún un, nítorí ó ṣeé ṣe kó má tíì gbọ́ ọ rí: palytoxin.