Ìbọn Dún, Ẹran Sá Lọ: Ká Lé E Ni, Àbí Ká Dúró?



Ọ̀dọ́ ọdẹ kan bi mí ní Ìwó Road níbí pé: "Bàbá awo, bí mo bá yìnbọn lu àgbọ̀nrín, tó sá wọgbó, ṣé kí n lé e lójú ẹsẹ̀ ni?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọdẹ nìkan o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọdẹ. Kó sàmì síbi tí ẹran dúró sí nígbà tí ọta bà á. Lẹ́yìn náà, kó wo ẹ̀jẹ̀. Bó bá pupa fòò, tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bà. Ẹran náà kì í sábà jìnnà. Bó bá dúdú, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀. Kó ní sùúrù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewéko tó ti jẹ bá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń rùn, ìfun ni. Ẹ má lé irú èyí! Bí ẹ bá lé e, á sá títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtòsí ló sábà máa ń dùbúlẹ̀ sí. Àmọ́ bí òjò bá ṣú, ọ̀rọ̀ yí padà, torí òjò á fọ ẹ̀jẹ̀ dànù.

Odù 256 ni Ifá ní. Bí Odù bá hàn lórí ọpọ́n, ìbọn dún nìyẹn. Ọwọ́ ò tíì tẹ ẹran. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìbò wádìí: owó ẹyọ ní bẹ́ẹ̀ ni, egungun ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ire ni? Ire wo? Ibo ló ti ń bọ̀? Awo tó bá fo èyí, tó sáré ka ẹbọ, ọdẹ tó ń lé ẹran tọ́gbẹ́ rẹ̀ wà nífun ni.

Mo mọ ẹni tí Ifá kí kú ire ìrìnàjò, tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kò tíì bi Ifá léèrè ọ̀nà wo, ìgbà wo. Ilẹ̀ lọ, ìrìnàjò ò sì ṣeé ṣe. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: dídúró kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹran tó ti gbọta, gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn ọdẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ̀rora lásán, kò gbọdọ̀ jẹrà sígbó. Bákan náà lẹbọ tí Ifá ti yàn: ẹni tó dúró wádìí, kó dìde tọ̀ ọ́ dópin.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.