Ààlà Oko ní Kawo
Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ní Kawo, níbi tí Kàdúná ti kọjú sí ọ̀nà Sáríà, ìlú ni ọmọ, oko ni bàbá, ọmọ sì ti ń kọlé wọ oko bàbá. Pòròpórò ọkà bàbà ń fara ti ògiri búlọ́ọ̀kù tuntun. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko, irè àti ilé orí rẹ̀ ni wọ́n ń díye lé jù. Ó dùn mí. Ìgbẹ́ màlúù tí àgbẹ̀ ti ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún ńkọ́? Ta ló máa san owó ọ̀rá ilẹ̀ yẹn?