Ta Ni Ó Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Oúnjẹ Tó Bàjẹ́ Lójú Ọ̀nà?

Láti ilé-kéú ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí òkèlè bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí á mú un, kí á gbọn ìdọ̀tí ara rẹ̀ nù, kí á jẹ ẹ́, kí á má fi í sílẹ̀ fún Ṣàítánì. Ẹni tó bá jẹ ìrẹsì kù sínú àwo níbi wòlímọ̀ ní Ìlódè mọ ara rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oúnjẹ tó ń ṣòfò ní ilẹ̀ wa kì í tilẹ̀ dé inú àwo. Àjọ FAO ṣírò rẹ̀ ní 2011 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí à ń pèsè fún ènìyàn ní gbogbo ayé, bíi bílíọ̀nù 1.3 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ni kì í dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo tòmátì tí à ń rà ní ọjà Odò-Ogbè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Òkè-Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá ti Kánò wá, ìrìn tó lé ní 800 kìlómítà ni. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, wọn a sì to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ nínú tírélà. Tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, etí apẹ̀rẹ̀ ń gún èso lára, ooru kò rí ibi jáde, ọkọ̀ sì lè dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà. Kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, omi pupa ti ń ro nídìí apẹ̀rẹ̀. Ìyá aláta a ṣa èyí tó dára, a sì fi owó èyí tó bàjẹ́ lé e lórí, àwa ni à ń san án.

Ta ló wá ṣe ìnákúnàá? Àgbẹ̀ kò da nǹkan nù. Dírẹ́bà kò sùn. Ìyá aláta gan-an lòfò dé bá. Oníkálùkù wọn lè búra, kí ìbúra rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ pé kádàrá ni.

A kò fara mọ́ èyí tán. Lóòótọ́, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ànábì Yúsúfù. Ìyàn ọdún méje tí ọba Íjíbítì lálàá rẹ̀, kádàrá ni. Ànábì Yúsúfù kò ní kí wọ́n káwọ́ lẹ́rán. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ti tọ́jú ọkà: kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣírì rẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Ìmọ̀ ìpamọ́ oúnjẹ ni, ẹnu ànábì ló sì ti jáde. Ohun tí a kò mọ bí a ṣe lè dènà, a lè pè é ní kádàrá. Ọjọ́ tí a bá mọ̀ ọ́n tí a sì jókòó tì í, orúkọ rẹ̀ ti yí padà.

Ìmọ̀ ọ̀hún sì ti dé. Kéréètì oníke wà, èyí tí a lè tò léra tí ẹrù inú rẹ̀ kò ní tẹ̀. Nnaemeka Ikegwuonu dá ColdHubs sílẹ̀ ní Òwèrè, yàrá tútù tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ nínú ọjà àti lóko, tí ọlọ́jà ń san owó lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wọ́n ní ohun tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ méjì lè lò tó ọjọ́ 21 níbẹ̀. Fóònù tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa fi ń wo bọ́ọ̀lù lè béèrè ọjà tí ẹrù ti pọ̀ jù kí tírélà tó gbéra ní Kánò. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI fi hàn pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí à ń sun lẹ́yìn ibùdó gàrí, bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì sá a tàbí yan án, yóò di oúnjẹ ẹran. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di bíi tọ́ọ̀nù kan. Ẹran jẹ èèpo, ìgbẹ́ ẹran padà sí oko ẹ̀gẹ́. (Àwọn bàbá wa ń so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó fún un lórúkọ.)

Ẹnìkan yóò ní: ìyá aláta tí owó rẹ̀ kò tó ra kéréètì ńkọ́? Ta ni yóò dá kéréètì òfìfo padà sí Kánò? Òótọ́ ni, a kò sì lè di ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lé obìnrin náà lórí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ fárdù kífáyà ti wọlé. Bí a ti ń wẹ òkú: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo àdúgbò ló jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó àga àti àtíbàbà lè dá owó kéréètì ogójì. Ẹni tó lè gbẹ́ kànga sílẹ̀ ní wákáfù lè fi yàrá tútù kan sílẹ̀ bákan náà.

Ohun tí ń kọ wá lóminú ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibi tí a lè tọ́jú oúnjẹ sí náà ni a lè kó o pamọ́ sí kí ó lè wọ́n, èyí tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa. Nítorí náà, bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá dé Odò-Ogbè, a kò ní fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ àwa ọkùnrin ìgbìmọ̀. Kí àwọn ìyá aláta di kọ́kọ́rọ́ mú, kí wọ́n sì lẹ iye ẹrù tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn láràárọ̀.