Ta Ló Ní Kò Jìnnà?

Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi ń dárúkọ pápá bàálù lára tíkẹ́ẹ̀tì. LOS ni ti Ìkẹjà. Ti Alákíà n'Ìbàdàn, IBA ni. Èmi ará Ìbà, ní ìhà Ọ̀jọ́ àti Okokomaiko l'Ékòó, kò lè ṣe kí n má rẹ́rìn-ín sí i, nítorí Ìbà tiwa ò ní pápá bàálù kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà fa ìbéèrè kan: nínú IBA ti Ìbàdàn àti Ìbà tiwa, èwo ló sún mọ́ Ìkẹjà jù?

Ẹni tó bá wo máàpù á ní kí la tún ń bi ara wa. Láti pápá Ìkẹjà sí ti Alákíà, nǹkan bí kìlómítà 113 ni bí èèyàn bá fò tààrà bí ẹyẹ. Sí Ìbà, kò tó 20. Bàálù tó ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 9 ò yẹ kó pé kó tó dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bàálù gan-an ní láti rìn lórí ilẹ̀, kó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí eré rẹ̀ tó délẹ̀ ó ti ń múra àtisọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń ti Ìbà lọ ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà ńkọ́? Aago 4 ìdájí ló jí. Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìyànà-Ìbà, ó wọ dánfó dé Mile 2, ó tún wọ òmíràn gba Òṣòdì. Bí gosìlóò bá mú un, wákàtí 2 lè lọ bẹ́ẹ̀. Ó dé, ọ̀gá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé iléeṣẹ́ ní, “Ṣé Ìbà náà ló jìnnà?” Ló bá yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé òdodo nìyẹn?

Àwọn kan á ní oníbàárà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìn, kó tètè jí. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀lẹ tó ń fi ọ̀nà ṣe àwáwí pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí láago 4, aago wo ló kù tí yóò jí?

Lójú tèmi, jíjìnnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan. Ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Lọ́dún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ọdún sì ń gorí ọdún. Okokomaiko ni wọ́n pète pé rélùwéè Blue Line yóò dé; nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2023, Mile 2 ló dúró sí. Ṣé ọmọ iṣẹ́ yìí ló dá a dúró ni?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n títì ò tó wa. Ọ̀gá tó bá fẹ́ fi aago dájọ́ ọmọ iṣẹ́, kó kọ́kọ́ wọ dánfó láti Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ Mọ́ńdè kan. Bó bá dé, kó wá sọ fún wa bóyá ó jìnnà àbí kò jìnnà.