Ọkọ̀ Orí Omi Dídì Nínú Ooru

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 6:9-22
Àkọ́sórí: Hébérù 11:7

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbẹ̀yìn? Má ṣe tètè dáhùn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ẹni tó bá gba ipò kìíní nìkan là ń gbé máíkì fún kó wá jẹ́rìí.

Ní ọdún 2016, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà, Seun Adigun, fi pákó kan ọkọ̀ orí omi dídì sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé rẹ̀. Bobsled ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹni méjì yóò fi gbogbo agbára sáré tì í, wọn yóò fò wọ inú rẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lójú ọ̀nà omi dídì, tí eré rẹ̀ lè ju 120 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ọ̀kan ń tukọ̀, èkejì ń mójú tó bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni Houston ń móoru bíi Ketu níbí. Bí a bá yọ ti inú fíríìjì kúrò, èèyàn lè pẹ́ níbẹ̀ kó tó fojú kan omi dídì!

Ó sọ ọkọ̀ náà ní Maeflower, ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ kan tó ti ṣaláìsí. Òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, tí gbogbo wọn jẹ́ asáré, ń ti pákó yìí kiri lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke ní Mile 12 yóò mọ irú làálàá tí mò ń wí.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Nóà. (Jẹ́nẹ́sísì kò sọ pé àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwa oníwàásù la fi ìyẹn kún un. Ṣùgbọ́n mo rò pé a kò jìnnà sí òtítọ́.) Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ le o: báwo ni a ṣe lè mọ ìgbàgbọ́ yàtọ̀ sí àlá asán? Arákùnrin kan lè máa kéde ní Ikosi pé òun ti dá kọ́ńpìnnì ńlá sílẹ̀ nípa ìgbàgbọ́, kó sì jẹ́ pé owó àjọ ìyàwó rẹ̀ ló ń ná.

Wo ohun tí Nóà ṣe. Ọlọ́run fún un ní ìwọ̀n: ìgbọ̀nwọ́ 300 ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga. Nóà sì tẹ̀ lé ìwọ̀n náà. Àlá asán kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òun. Àwọn arábìnrin mẹ́ta yìí jẹ́ kí wọ́n wọn àwọn. Òfin ní kí wọ́n parí ìje 5 lójú ọ̀nà omi dídì gidi kí wọ́n tó lè lọ sí Olympics. Wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n tọrọ owó ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 75,000, wọ́n sì parí ìje karùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Wọn kò gbé pákó yẹn lọ síbi ìdíje. Títì àti fífò ni wọ́n fi kọ́. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n gùn lórí omi dídì.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, ní Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà, wọ́n di ẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó díje nínú eré yìí ní Olympics. Onwumere ló gbé àsíá Nàìjíríà. Adigun àti Omeoga gun ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méjì. Ogún ọkọ̀ ló díje. Tiwọn ló ṣe ogún.

Háà! Kí ni ká wá ṣe sí Diutarónómì 28:13? Orí ni wá, a kì í ṣe ìrù. Èmi náà máa ń ké Àmín sí i. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ló kéré, pé bí wọ́n bá gbàdúrà dáadáa ni, wúrà ni wọn ì bá gbà. Ìkà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà la máa ń sọ fún arábìnrin tí tòmátì rẹ̀ bàjẹ́ sínú ọkọ̀ kó tó dé ọjà, a ó ní ó ṣeé ṣe kó má san ìdámẹ́wàá.

Ka Mátíù 25. Ẹni tó jèrè tálẹ́ńtì méjì kò tó ẹni tó jèrè márùn-ún rárá, síbẹ̀ irú ìyìn kan náà ni ọ̀gá wọn fún àwọn méjèèjì, ẹsẹ 21 àti 23. Ẹni tí ọ̀gá bínú sí kò jẹ̀bi pé òun ló kẹ́yìn. Ó lọ gbẹ́ ilẹ̀, ó sì rì í mọ́lẹ̀, nítorí ẹ̀rù bà á. Nínú Hébérù 11 tí a ti ka ti Nóà, ẹsẹ 13 àti 39 sọ ti àwọn tí wọn kò rí ìlérí náà gbà, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó kan ọkọ̀ tó sì là.

Àdúrà: Baba, ohun tí mo ti rì mọ́lẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé n ó gbẹ̀yìn, fi hàn mí lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú, ní orúkọ Jésù.