Obìnrin Tó Di Ọkùnrin Lójú Ogun

Nínú fíìmù The Woman King, Yorùbá ni bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá dàgbà sídìí fídíò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ákítọ̀ kì í kú, bọ́ọ̀sì ló máa ń fojú gbogbo ayé rí màbo títí ọwọ́ ákítọ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́ níparí. Jimmy Odukoya, òṣèré ọmọ Nàìjíríà tó tún jẹ́ pásítọ̀, ló ṣe Ọba Adé, balógun Ọ̀yọ́ tó gẹṣin wá béèrè ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì lọ́dún 1823. Obìnrin ló dojú ìjà kọ ọ́. Viola Davis, tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa nígbà náà, ni ọ̀gágun àwọn obìnrin Dàhòmì náà. Obìnrin mìíràn, Gina Prince-Bythewood, ló darí eré. Fíìmù náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Kó tó parí, Nanisca, ìyẹn Viola Davis, ti rán Ọba Adé lọ sọ́run.

Ó rọrùn kí ọmọ Yorùbá tó wò ó máa bínú nítorí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú eré náà ju ìyẹn lọ. Ta là ń pè ní akin? Bí obìnrin bá mú idà, ṣé ipò ọkùnrin ló lọ yá lò, àbí ìgboyà kò tilẹ̀ ní akọ, kò ní abo?

Ọ̀nà méjì ni Hollywood sábà máa ń gbà yọ ara rẹ̀ nínú ìbéèrè yìí. Èkíní ni kí wọ́n kọ eré bí ẹni kọ ọ́ fún ọkùnrin, kí wọ́n wá fi obìnrin ṣe é. Àwọn tó kọ Alien, tó jáde lọ́dún 1979, fi àkíyèsí sínú ìwé eré wọn pé ọkùnrin tàbí obìnrin ló lè ṣe èyíkéyìí nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà. Sigourney Weaver ni wọ́n fún ní ipò Ripley, Ripley nìkan ló sì yè, òun àti ológbò kan. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wá ọmọ fún un. Nígbà tí Ripley padà dé lọ́dún 1986, ọmọdébìnrin kan ló ń tìtorí rẹ̀ jà. Sarah Connor inú Terminator 2, lọ́dún 1991, sọ apá ara rẹ̀ di irin nítorí ọmọkùnrin rẹ̀. Ọkùnrin inú fíìmù lè yìnbọn torí owó, ó sì lè yìnbọn torí pé inú kàn ń bí i. Keanu Reeves tilẹ̀ dá ogun sílẹ̀ nínú John Wick nítorí ajá kékeré kan tí wọ́n pa, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ọmọ rẹ̀ dà. Obìnrin ló gbọ́dọ̀ mú àwáwí wá, ọmọ sì ni àwáwí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jiyàn lé lórí.

Hong Kong ti wà lẹ́nu irú eré yìí ṣáájú wọn. Nínú Come Drink with Me, ọdún 1966, Cheng Pei-pei fi idà ṣe bẹbẹ, àmọ́ aṣọ ọkùnrin ló wọ̀ rìnrìn àjò.

Àwọn Agójìé, àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí The Woman King sọ ìtàn wọn, kì í ṣe àròsọ ní tiwọn. Òyìnbó ń pè wọ́n ní Amazon. Àwọn ará ilé wọn ń pè wọ́n ní Mino, ìyá wa. Wọ́n ń jagun fún ọba Dàhòmì títí ilẹ̀ Faransé fi ṣẹ́gun ìlú náà láàárín ọdún 1892 sí 1894. Ìyàwó ọba ni gbogbo wọn lábẹ́ òfin. Wọn kò gbọdọ̀ ní ọkọ mìíràn, wọn kò gbọdọ̀ bímọ, ọkùnrin tó bá sì fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn ti fi ikú ṣeré. Àlùfáà Francesco Borghero, ará Ítálì, wo ìdánrawò wọn ní Abomey lọ́dún 1861. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n tò jọ gègèrè bí odi ìlú. Àwọn obìnrin náà kò wọ bàtà. Wọ́n sáré, wọ́n gùn ún, wọ́n bọ́ sí òdìkejì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé orí koríko tútù ni wọ́n ti ń bọ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe ni wọ́n fún àwọn tó ta yọ, ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì sán an mọ́ ìbàdí. Fíìmù náà fi ẹ̀gún yìí hàn wá, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó dára jù nínú rẹ̀.

Kí ni irú àwọn obìnrin báyìí wá ń pe ara wọn? Frederick Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Abomey ní 1849 àti 1850. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń kéde níwájú ọba pé àwọn kì í ṣe obìnrin mọ́. Iná ti yí àwọn padà bí alágbẹ̀dẹ ti ń fi iná yí irin padà, ọkùnrin làwọn dà. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ohun tí olùwòran òde òní san owó láti gbọ́ mu, nítorí obìnrin gẹ́gẹ́ bí obìnrin ni fíìmù náà fẹ́ yìn. Àwọn Agójìé fúnra wọn kò sọ pé obìnrin lè jẹ́ akin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọkùnrin ni akin, àwọn sì ti di ọ̀kan nínú wọn.

Kí Yorùbá má tíì rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ yin ìyálé ilé tó ṣe ohun ribiribi ṣì ń pè é ní obìnrin bí ọkùnrin títí dòní. Ọ̀yọ́ tí fíìmù náà fi ọkùnrin orí ẹṣin kún bámúbámú ní ìtàn Aláàfin Orompọ̀tọ̀, tó jọba ní Ìgbòho ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ní obìnrin ni, àti pé ó ní láti di ọkùnrin kí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì tó gbà á lọ́ba. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn a máa dirun bí obìnrin, ìyàwó sì ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé òrìṣà, ìbáà ní irùngbọ̀n. Nítorí náà, obìnrin ń di ọkùnrin fún ọba, ọkùnrin ń di ìyàwó fún òrìṣà, ojú kò sì ti ẹnì kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí fa irú ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women, tó jáde lọ́dún 1997. Ó ní ta lẹ̀gbọ́n, ta làbúrò, ni wọ́n fi ń to àwùjọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kì í ṣe akọ àti abo, àti pé òyìnbó amúnisìn ló kó irú ìpínyà tí a mọ̀ lónìí wọlé. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà fún un. Ìtàn Orompọ̀tọ̀ sì wà lẹ́yìn àwọn tí kò gbà, torí bí akọ àti abo kò bá já mọ́ nǹkankan, kí ló dé tí ọba fi ní láti pa ti ara rẹ̀ dà? Ṣùgbọ́n Oyěwùmí kò jìnnà sí òótọ́ níbì kan: ipò lè gbé ènìyàn kọjá ibi tí ara rẹ̀ fi í sí.

Ní ti ẹ̀sìn Dàhòmì, Mawu tó jẹ́ obìnrin àti Lisa tó jẹ́ ọkùnrin ló jọ wà lókè. Hwanjile, tó jẹ́ Kpojito, ìyẹn ìyá ọba, fún ọba Tegbesu ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni wọ́n ní ó fi àwọn méjèèjì ṣe olórí gbogbo vodun, ìyẹn òrìṣà, ìlú náà. Ojú ogun kọ́ ló ti gba ọlá rẹ̀.

Ọya ló wá da gbogbo ìṣirò náà rú. Kò sí ẹni tó ń bá Ọya du ogun: òun ló ń ṣáájú Ṣàngó, ìjì rẹ̀ a dé kí àrá tó sán. Síbẹ̀, kò sí ibi tí a ti gbọ́ pé Ọya di ọkùnrin. Aya ni, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án sì ni, orúkọ ìyá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án náà ló sì bá a kọjá òkun tó fi di Iansã ní Brazil. Ní Salvador, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, èrò a wọ aṣọ pupa àti funfun tẹ̀lé ère Santa Bárbara, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ̀ pé Iansã làwọn ń bá rìn. Ní Cuba, ọjọ́ kan náà, ẹni mímọ́ kan náà, obìnrin tó dé adé tó mú idà lọ́wọ́, Ṣàngó ni wọ́n ń kí. Ará Cuba wo idà náà, ó rí ọkùnrin tó ju ọkùnrin lọ. Ará Bahia wo ẹni tó mú un.

Odi Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ilé òrìṣà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Ghezo, ọba Dàhòmì, dé ẹnubodè Àró, àwọn obìnrin sì wà níwájú wọn. Ìtàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń sọ ni pé àwọn kò kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí àwọn ń bá jà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú, bí àṣà ogun ti rí nígbà náà, ni wọ́n tó rí i pé kò sí nǹkan ọkùnrin níbẹ̀. Inú bí wọn burúkú burúkú. Kí obìnrin wá máa lé wọn wọ inú odi! Ìbínú yẹn ni wọ́n fi lé Dàhòmì padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá ohun tó ń fún ọkùnrin ní ìgboyà, ẹ ò rí i pé ìtìjú wà nínú rẹ̀ dáadáa: ìbẹ̀rù pé obìnrin yóò ṣẹ́gun wọn ló sọ wọ́n di akin lọ́jọ́ náà.

Dàhòmì tún padà wá lọ́dún 1864, lábẹ́ ọba Glele. Lọ́tẹ̀ yìí obìnrin kan wà nínú odi. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí consul ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856, ló ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá. Tinúbú kò gun ògiri ẹ̀gún, kò kọ ilé ọkọ, kò sì sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ di ọkùnrin. Owó àti ọgbọ́n ọjà ló fi jagun. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ákítọ̀ aláṣọ funfun yóò ní láti gbàgbé pé ó ta ẹrú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dàhòmì, ibẹ̀ sì ni fíìmù Hollywood náà ti kọsẹ̀. Nanisca ń rọ Ghezo pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kó máa ta epo pupa. Ghezo tòótọ́, tí Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú ará Brazil, ràn lọ́wọ́ láti gun orí ìtẹ́ lọ́dún 1818, ń ta ènìyàn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1823. Lọ́dún 1860, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, obìnrin wà nínú wọn, ya wọ ìlú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola, tí àwọn onímọ̀ kan gbà pé Yorùbá ìhà Bantè ni. Ọkọ̀ Clotilda gbé e dé Alabama, wọ́n sọ ọ́ ní Cudjo Lewis níbẹ̀. Ní arúgbó rẹ̀, ó ròyìn fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston bí àwọn obìnrin jagunjagun náà ṣe ń bẹ́ orí àwọn ará ìlú rẹ̀, ìwé tí Hurston fi ìròyìn náà kọ sì jáde ní 2018 pẹ̀lú orúkọ Barracoon. Kò pè wọ́n ní ìyá ẹnikẹ́ni.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má wo The Woman King. Eré gidi ni, ìjà inú rẹ̀ múná, ó sì dára kí ọmọbìnrin rí obìnrin dúdú tó ti kọjá àádọ́ta ọdún tó ń darí ogun. Ibi tó kù sí ni pé ó fún obìnrin ní ipò ákítọ̀, ó sì gba ẹ̀ṣẹ̀ ákítọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Schwarzenegger kò ní láti mọ́ tónítóní kí a tó tẹ̀lé e. Kí àwọn olùdarí eré tiwa náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń náwó sórí ẹṣin àti odi alámọ̀ láti ìgbà díẹ̀ wá, gbé ogun ọdún 1864 wò. Agójìé wà níta odi, Tinúbú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àgbá ẹ̀tù, ọwọ́ ìhà méjèèjì kò sì mọ́. Ẹ fi obìnrin ṣe ákítọ̀ níbẹ̀, ẹ fi obìnrin ṣe bọ́ọ̀sì pẹ̀lú, ẹ má sì dúró dìgbà tí Hollywood bá tún dé.